Ẹrù Ọmọ: Èrò Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta Lórí Ohun Tí A Ń Rà àti Èyí Tí Wọ́n Ń Gbé Wá Bá Wa

Ọ̀rọ̀ òwe, oríkì àti àmì ohùn ni ẹ mọ̀ mọ́ mi, ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlédìí, òrí, káńfọ̀ àti oògùn eyín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti dìde rí ní aago méjì òru láti wá ìlédìí tó gbẹ nínú òkùnkùn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ti wẹ ọmọ, mo ti fọ ìlédìí, mo sì ti ná ọjà ọmọ ní Dùgbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó fún mi ní kọ́bọ̀ láti yin ọjà rẹ̀ tàbí láti bú ti ẹlòmíràn.

Kí ọmọ tó dé ni ẹrù rẹ̀ ti ń dé. Ilé ìwòsàn yóò kọ ìwé fún aboyún: òwú, Dettol, Izal, ọṣẹ, ìlédìí, aṣọ ìnura, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a fi owó wa rà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdajì ẹrù ọmọ ni a kì í rà. Ìyá ìyàwó á gbé tiwọn wá, ìyá ọkọ á gbé tiwọn wá, àǹtí tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù á fi báàgì ránṣẹ́, àwọn ará àdúgbò á mú tiwọn dání lọ́jọ́ ìkómọ. Ohun tí a bá fi owó rà, a lè yí i wò, ká gbọ́ òórùn rẹ̀, ká ní kò dára, ká dá a padà. Èyí tí àgbà bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé fún ọmọ tuntun ńkọ́? A ó dọ̀bálẹ̀ gbà á, a ó dúpẹ́, a ó sì lò ó. Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá nínú ilé Yorùbá, ìfẹ́ ló gbé e wọlé, ọ̀wọ̀ ni kò sì jẹ́ kí a bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Ọ̀já ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ àmì ohùn o: ọjà ni ibi tí a ti ń ná nǹkan, ọ̀já ni aṣọ gbọọrọ tí ìyá fi ń de ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbé àmì sọnù yóò lọ ra ọ̀já dé, yóò sọ pé ọjà ni òun fi pọn ọmọ. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, àǹtí kan fi báàgì ìpọnmọ kan ránṣẹ́ sí wa, olówó gọbọi, tó ní ìdè mẹ́rin àti ìwé ìlànà tó gùn ju ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ. Ó lágbára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá, nítorí pé ọkùnrin lè gbé ọmọ kọ́ àyà pẹ̀lú rẹ̀ lójú títì láìsí pé àwọn ènìyàn ń wò ó bí ẹni ń wo ìran. Ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, ọmọ àti bàbá ni wọ́n jọ ń làágùn. Ọ̀já òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ a ya ẹsẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ mú, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà egungun sì fẹ́ fún oríkèé itan ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ ìyá méjèèjì á wà lófìfo láti ro àmàlà. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé a máa ń fẹ́ fi aṣọ bo orí ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní rí imú rẹ̀ mọ́. Ojú ọmọ gbọ́dọ̀ wà níta.

Òrí náà, mo yìn ín. Èyí tó bá ti Ṣakí tàbí ìlú mìíràn ní Òkè Ògùn wá, tí wọn kò po lọ́fínńdà mọ́, kò sí ìpara inú ike tó dára jù ú lọ fún awọ ara ọmọ tó gbẹ nígbà ọyẹ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sá.

Páúdà ńkọ́? Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson kéde pé ní ọdún 2023 àwọn yóò dá páúdà ọmọdé tí wọ́n fi tálíkì ṣe dúró káàkiri ayé, pé èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni àwọn yóò máa tà. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ni páúdà ti kúrò ní ilé wa. Eruku tó ń fò lójú ọmọ, imú ọmọ ló ń lọ. N kò sì tíì rí ohun tí páúdà ń ṣe fún ọrùn ọmọ tí aṣọ gbígbẹ kò lè ṣe, àfi pé kí ọrùn náà funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn.

Mo mọ̀ pé Pampers ni ẹ ń dúró dè. Ní Ìbàdàn níbí, Pampers kì í ṣe orúkọ ọjà kan mọ́. Gbogbo ìlédìí tí a ń lò tí a ń sọnù ni Pampers, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, bí gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ṣe jẹ́ Omo lẹ́nu àwọn òbí wa, tí gbogbo ọṣẹ ìfọyín sì jẹ́ Macleans. Èmi ń lo "ìlédìí", mo sì rọ̀ yín kí ẹ máa lò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ wa ni, ó sì gba aṣọ àti onírọ́bà pọ̀.

Ohun tí Pampers ń tà fún wa gan-an, oorun ni. Ìyá tó bá sun wákàtí márùn-ún láìjí, ènìyàn mìíràn ni ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: ohùn rẹ̀ á yàtọ̀, ọmú rẹ̀ á dà, ọkọ rẹ̀ náà á rí ojú rere. Àwọn tó ń bú àwọn ìyá òde òní pé ọ̀lẹ ló ń mú wọn lo Pampers, n kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó fọ ìlédìí aṣọ rí. Ọkùnrin bíi tèmi ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ dákun ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀! Láti oṣù Òkúdù ọdún 2023 ni náírà ti já wálẹ̀ gan-an, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà sì ni Procter & Gamble, tó ni Pampers, kéde pé àwọn kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé kíkó wọlé láti òkèèrè ni yóò kù. Ẹni tó ń ra odidi ìdì nígbà àkọ́bí, ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta ló ń rà lọ́wọ́ ìyá aláte nígbà àbíkẹ́yìn. Ibi tí ewu wà nìyí: nítorí pé ẹyọ kan ti di owó oúnjẹ, wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí owó má bàa ṣòfò, ìdí ọmọ á sì bó. Ìlédìí aṣọ tí a pààrọ̀ sàn ju Pampers tí a kò pààrọ̀ lọ. Ní ilé wa, aṣọ ni ní ọ̀sán, a ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a ó sì sá a sí oòrùn gangan. Pampers ni ní òru àti lọ́nà àjò. Èyí tí a bá sì lò tán, inú gọ́tà kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ lọ wo gọ́tà àdúgbò yín lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Lórí wàrà inú agolo, n kò ní pẹ́. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni àwọn elétò ìlera ń wí, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Láti ọdún 1981 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ti fẹnu kò pé kí àwọn tó ń tà á má ṣe máa polówó rẹ̀ bí ẹni pé ó dọ́gba pẹ̀lú ọmú. Síbẹ̀, ìyá mìíràn wà tí ara rẹ̀ kò gbà á, kò sì yẹ kí a sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Kí ó ṣọ́ omi tí ó fi ń pò ó, kí ó sì fi ife àti ṣíbí fún ọmọ, nítorí pé orí rọ́bà ìgò oúnjẹ ṣòro láti fọ̀ mọ́. Agolo òfìfo rẹ̀ dára púpọ̀ fún iyọ̀. Ògì dùn, ó sì ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n bí a bá sẹ́ ẹ tán, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò tó láti mú ọmọ dàgbà. Kí a po ẹ̀wà sóyà tàbí edé lílọ̀ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ti ṣe ògì alásóyà tipẹ́tipẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé a kò rí i ní gbogbo ìsọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ìkọ́mọrìn ńkọ́, èyí onírọ́bà tí ọmọ ń jókòó sí àárín rẹ̀? Orílẹ̀-èdè Kánádà fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 2004, nítorí pé ọmọ ń gbé e já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Kò sì tilẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìrìn. Èyí onígi tí káfíńtà ń kàn, tó ní táyà mẹ́ta, tí ọmọ á dìde fúnra rẹ̀ kó tó lè tì í, ìyẹn ni mo rà fún gbogbo wọn. Ariwo rẹ̀ nìkan ni ìyà tó wà níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti káńfọ̀, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àpótí aṣọ ìyá àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní in. Òórùn rẹ̀ ni òórùn aṣọ iyì: sányán, àlàárì, aṣọ òkè ìgbéyàwó, gbogbo ohun tí a tọ́jú fún ogún ọdún tí kòkòrò kò sì jẹ. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò yìí ń tàn wá. Káńfọ̀ tòótọ́, láti ara igi kan ní ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti ń rí i. Hóró funfun róbótó tí a ń rà lọ́jà, naphthalene ni púpọ̀ nínú rẹ̀, láti inú ọ̀dà èédú tàbí epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe méjèèjì, a kò sì mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, èròjà kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Òun ló ń dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kí wọ́n má bàa fọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí tí tiwọn kò tó. Kì í ṣe ohun àjèjì láàrin wa rárá: bí ẹ bá ka ọmọkùnrin Yorùbá mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí méjì. Àwọn onímọ̀ sọ pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ló sọ ọ́ di púpọ̀ nílẹ̀ wa, torí pé ẹni tó ní in a máa rí ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà náà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àmì kankan lójú. Ó ń mu ọmú, ó ń sùn, ó ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá fa òórùn naphthalene símú, tàbí tí ó gba ara aṣọ wọ awọ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti awọ rẹ̀ á sì di pupa rúsúrúsú. Ibà pọ́njú nìyẹn. Bí ó bá pọ̀ jù, tí a kò tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, á wọ inú ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Ọmọ lè yè, kó má gbọ́ràn láyé, kó má lè dá jókòó. Aṣọ iyì ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bí ọmọ wa kejì, ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́ láti wá wẹ ọmọ. Wọ́n gbé ìró àdìrẹ kan dání, èyí tí wọ́n fi pọn èmi fúnra mi, tí wọ́n sì ti dì sínú àpótí láti ìgbà náà. Bí wọ́n ti ṣí báàgì ni òórùn káńfọ̀ ti gba yàrá kan. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyàwó mi ní ilé ìwòsàn aboyún pé aṣọ oníkáńfọ̀ kò gbọdọ̀ kan ọmọ. Ìyàwó mi wò mí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ṣe máa ń rí. Kò lè jẹ́ òun ni yóò sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mọ̀ọ́mì. Aṣọ yìí ju owó lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e síta ná, mà. Wọ́n ní òórùn káńfọ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn jẹ́, a kò sì tíì mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí eléyìí ní."

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àkànní, òun ni mo fi pọn ìwọ náà. Ṣé o kú ni?"

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìyá àgbà máa ń bi wa, lórí àgbo, lórí tìróò, lórí ohun gbogbo. Ó ní ìdáhùn kan tó rọrùn: ẹni tó yè ló ń jẹ́rìí, ọmọ tí nǹkan náà pa kò dàgbà tó láti sọ tirẹ̀. N kò lè fi ìdáhùn yẹn kan ìyá mi lójú, nítorí pé wọ́n sin ọmọ méjì kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò láyé. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré ni pé ojú rẹ̀ pọ́n. N kò sọ pé káńfọ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Mo kàn gbé ìró náà síta, mo padà wọlé, mo bá wọn gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná.

Ní òru ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí sí pálọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń sọ yẹn, báwo ni ojú ọmọ ṣe máa ń rí?" Mo ṣàlàyé fún wọn, mo sì fi ọwọ́ fa ìpéǹpéjú ara mi wálẹ̀ láti fi hàn wọ́n. Wọn kò sọ ohunkóhun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìró àdìrẹ ti wà lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà ti lé ní oṣù mẹ́fà, òórùn káńfọ̀ sì ti kúrò lára aṣọ pátápátá, kí wọ́n tó fi pọ̀n ọ́n. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ ni wọ́n ń kó sínú àpótí báyìí, wọ́n sì ń sá aṣọ loòrùn ní gbogbo oṣù. Kòkòrò kò tíì jẹ ẹ́.

Tìróò náà bá bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹwà ni, mo gbà, àwòrán mi wà níbìkan tí ojú mi dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n òkúta dídán tí wọ́n ń lọ̀ kúnná ṣe é, òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún òjé, àwọn olórìṣà ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn ọwọ́. Kò kàn sí ẹni tó so òjé pọ̀ mọ́ tìróò lẹ́nu. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí wọ́n wá orísun rẹ̀, tìróò tí wọ́n rà nílé ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò: ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ ni òjé. Ọmọ a fi ọwọ́ ra ojú, a fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á fi wá sọ nílé ìwé pé olódo ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ìbílẹ̀ nìkan ni mò ń bá jà. Ní oṣù Bélú ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Nàìjíríà. Kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò tọ̀ mọ́. Oògùn olómi dídùn kan fún eyín híhù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin, ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Diethylene glycol, tí wọ́n ń lò nínú omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ 84 ló kú. Ọjà tuntun ni, ó wà nínú páálí, ó ní àwòrán lára. Ní ọdún 2022, irú májèlé kan náà wà nínú oògùn ikọ́ ọmọdé tí wọ́n kó wọ Gáḿbíà, ó sì lé ní ọgọ́ta ọmọ tó bá a lọ. Tèmi lórí oògùn eyín kò gùn: a kì í rà á. Eyín kì í ṣe àìsàn. Bí ara ọmọ bá gbóná ní àsìkò eyín, kí a wá ohun tó mú un gbóná.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà rere lè ti ara ìgò rẹ̀ di ewu. Chlorhexidine oní-ìdá 7.1 tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ tuntun wà lára ohun tó dára jù lọ nínú ẹrù ọmọ òde òní. Ó ń dènà kòkòrò tó ń gba ìwọ́ wọ ara. Àmọ́ wọ́n rọ òmíràn sínú ìgò tíńtín tó jọ ti oògùn ojú. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, Nàìjíríà pẹ̀lú, wọ́n ti ṣèèṣì kán an sójú, ojú sì bàjẹ́. Kẹrosíìnì inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, kọ́sítìkì sódà inú ife, ọ̀tápiápiá inú ìgò kékeré lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà pa ọmọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ nìyí, ẹ̀yin tó fẹ́ràn èdè. Ìyá mi mọ Yorùbá kà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Bíbélì wọn ti gbó lójú ewé. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti ka ẹ̀yìn ìgò. Ẹ tan rédíò yín ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọla, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó ọṣẹ, oògùn, wàrà àti ọ̀tá ẹ̀fọn ní ojúlówó Yorùbá, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú òwe, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Ẹ wá ra ọjà náà, ẹ yí i sẹ́yìn: ìkìlọ̀ tó wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni, kíkọ rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Yorùbá ni wọ́n fi ń gba owó wa, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún wa. Wọ́n á ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Irọ́ ni. Àwọn baba wa ti sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Kí ni ó kù láti túmọ̀? "Orí pẹpẹ ni kí ẹ gbé e sí." "Fún ìwọ́ nìkan, kì í ṣe ti ojú." "Naphthalene ni, kì í ṣe káńfọ̀. Ẹ má fi sí aṣọ ọmọ ọwọ́." Ọ̀rọ̀ kò ju márùn-ún, mẹ́wàá lọ, àyè rẹ̀ sì wà lára páálí, níbi tí wọ́n ya àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí.

Ní ilé wa, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwa. Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní ìwé mẹ́fà, ló ń fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, a ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò. Ó máa ń gbé àmì ohùn sọnù, mo sì máa ń dá a padà. Ìyá mi gbé ìgò mẹ́rin wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí àwọn ènìyàn fún wọn ní oríṣiríṣi ibi. A ka ẹ̀yìn mẹ́ta. Èyí tó ṣẹ́kù, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ní kí n dà á nù.

Ó dìgbà kan ná.